Ọdún Tí Mo Ń Túmọ̀ Ogun fún Ìyá Àgbà

Ìbọn ló máa ń dún nílé wa lẹ́yìn ìrun Màgàríbì. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì Ìtàmàga lè rò pé adigunjalè ti wọlé tọ̀ wá, àfi tó bá dúró díẹ̀ kó gbọ́ ẹ̀rín Àǹtí Nímọ̀ láàrin ìró ìbọn náà, tàbí kó gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà tó ń bú àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè pé ìyá wọn ò kọ́ wọn nílé. Màámi á wà ní kíṣìnì lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa tẹ ẹ̀bà, orógùn á máa kan etí ìkòkò kó, kó, kó. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa á máa hó lẹ́yìn ògiri, nítorí kì í pẹ́ kí wọ́n tó mú iná lọ, tiwa náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èmi á jókòó sórí ẹní níwájú Ìyá Àgbà, ẹ̀yìn mi á kan ẹsẹ̀ wọn, ojú mi á wà nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n níbi tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń sáré kọjá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Láàárọ̀, iṣẹ́ mi ni kí n gbálẹ̀, kí n fọ abọ́, kí n da ilẹ̀ nù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ ogun.

Ẹ̀pẹ́ ni Ìyá Àgbà ti wá bá wa gbé. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yan ẹja níbẹ̀, títí èéfín fi bá ojú wọn jà, ni bàbá mi bá lọ kó wọn wá sí Ìkòròdú. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ̀wé kà, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n ju gbogbo wa lọ. Fíìmù Yorùbá kì í pẹ́ sú wọn. Wọ́n ní ẹkún inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, àwọn ti rí ẹkún tó níta. Fíìmù ogun ni wọ́n ń fẹ́, pàápàá ọ̀kan tí wọ́n ń fi hàn lójoojúmọ́ lọ́dún yẹn, ìtàn àwọn obìnrin márùn-ún tí wọ́n jẹ́ sójà ní ilẹ̀ òtútù kan tí yìnyín bo gbogbo igi rẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ èdè tí wọ́n ń sọ. Ìyá Àgbà ò lè pe orúkọ wọn, nítorí náà wọ́n fún gbogbo wọn lórúkọ tuntun. Olórí wọn ń jẹ́ Ìyálóde. Ọ̀gá àwọn ọ̀tá ń jẹ́ Onímú Ìwọ̀, nítorí imú rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja. Èyí tó kéré jù nínú àwọn obìnrin náà, tó ní àpá lẹ́rẹ̀kẹ́, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó yìnbọn, Àṣàbí ni wọ́n sọ ọ́. Àṣàbí ni ààyò wọn. Tó bá ti fara hàn, Ìyá Àgbà á fi ìka kàn mí léjìká, wọ́n á ní, "Kí ló wí?"

Ìdí mìíràn wà tí wọ́n fi ń wo ogun, bí ẹnikẹ́ni nílé ò tiẹ̀ sọ ọ́ jáde. Àbíkẹ́yìn wọn, Bọ̀dá Ràímì, àbúrò bàbá mi, jẹ́ sójà, wọ́n sì ti gbé e lọ sójú ogun gidi lókè Ọya. Kò tíì pé ọdún kan tó fẹ́ Àǹtí Nímọ̀ tí wọ́n fi pè é, ló bá fi ìyàwó rẹ̀ sí yàrá tó kángun sí kíṣìnì nílé wa pé kí a bá òun mójú tó o. Àwọn tọkọtaya yìí kì í fẹ́ kí n fi "ẹ" bá àwọn sọ̀rọ̀. Bọ̀dá Ràímì ní ọ̀rẹ́ òun ni mí, pé ta ni í fi "ẹ" bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ìyá Àgbà pòṣé, wọ́n ní wọ́n ń bà mí jẹ́. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni fóònù rẹ̀ máa ń wọlé láti ọ̀hún. Ohùn rẹ̀ á jìnnà, á máa já: "Ìyá mi, mo wà o! Mo wà o!" Kí a tó dáhùn, ó ti gé. Bí ìròyìn bá fẹ́ fi ibi tó wà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, bàbá mi á sáré pa á. Nítorí náà, ogun ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni Ìyá Àgbà ní tí wọ́n lè fi mọ ohun tí ọmọ wọn ń rí. Wọ́n bi bàbá mi léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé bí ibi tí Ràímì wà ṣe rí nìyẹn. Bàbá mi ní, "Rárá o, Màámi, kò sí yìnyín níbẹ̀." Wọ́n fẹ́ fi pa wá lẹ́rìn-ín ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Nímọ̀ ní tirẹ̀ ò bá ogun dé. Áktọ̀ obìnrin ni tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dàgbà ládùúgbò bíi tiwa, ẹ mọ̀ pé ẹni tí fíìmù dá lé lórí là ń pè ní áktọ̀, ọ̀tá rẹ̀ sì ni bọ́ọ̀sì, òfin kan ṣoṣo tó sì wà níbẹ̀ ni pé áktọ̀ kì í kú. Wọ́n lè yìnbọn fún un títí ọta á fi tán, wọ́n lè tì í sódò láti orí òkè, á jáde lómi, á gbọn irun rẹ̀. Àǹtí Nímọ̀ ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agric, ó sì ní gbogbo ọ̀sán lòun fi ń rí ọkùnrin tó ń pariwo lásán, òun ò tún ní wá jókòó máa wò wọ́n nírọ̀lẹ́. Obìnrin tó lè gba idà lọ́wọ́ ọkùnrin mẹ́wàá ló ń fẹ́. Ní Sátidé tí a bá ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, á ká ìró rẹ̀ sókè, á gbé ẹsẹ̀ kan dúró lófuurufú, á ní, "Rìsì, tó o bá tó bẹ́ẹ̀, wá!" Èmi á fò mọ́ ọn, àwa méjèèjì á ṣubú sínú omi ọṣẹ. Ìyá Àgbà á máa wò wá láti orí àpótí wọn. "Ìyàwó, ṣé báyìí lo ṣe máa bímọ fún ọmọ mi?" Àǹtí Nímọ̀ á ní, "Màámi, ọmọ yín ló yẹ kẹ́ ẹ bi. Kó wálé ná." Mo mọ̀ nígbà yẹn gan-an pé inú mi ń dùn, èyí tí ọmọdé kì í sábà mọ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbàgbé ìkankan nínú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin márùn-ún náà ń sọdá odò kan tó ti dì, ni ìbọn bá dún láti inú igbó. Èéfín bo gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó máa tú ká, mẹ́rin ló kù. Ìyálóde ṣí fìlà rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan, Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ sì kà pé, "We lost her." Ìka Ìyá Àgbà ti kan èjìká mi. "Kí ló wí?" Mo mọ "lost" dáadáa. Ní kíláàsì wa, bí pẹ́ńsù ẹnìkan bá sọnù, "lost" là ń sọ fún tíṣà. Mo ní, "Ìyálóde ní Àṣàbí sọnù." Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. "Wọn á rí i," wọ́n ní. "Inú igbó yẹn náà ló wà. Wọn á rí i." Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Ìṣáì. Wọn ò tíì jáde ní yàrá nígbà tí àwọn mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Wọ́n tẹ́ Àṣàbí síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń fi ọwọ́ da yìnyín lé e lójú. Mo pariwo pé irọ́ ni, áktọ̀ kì í kú. Àǹtí Nímọ̀ fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

"Gbọ́," ó ní, ó rọra ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Tí wọ́n bá ní àwọn lost pẹ́ńsù, ó sọnù nìyẹn. Tí wọ́n bá ní àwọn lost èèyàn, tí wọ́n tún wá ṣí fìlà, ó kú nìyẹn. Wọ́n pàdánù ẹ̀ ni. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi."

"Ó dáa. Má sọ fún Ìyá o. Ṣó ò rí i bí wọ́n ṣe ń wò ó ni? Ràímì ni wọ́n ń wò. Jẹ́ kí wọ́n ṣì máa wá a."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá Àṣàbí nìyẹn. Lójoojúmọ́, bí orin fíìmù náà bá ti dún, Ìyá Àgbà á ní, "Ṣé wọ́n ti rí i?" Màá ní, "Wọ́n ṣì ń wá a, Ìyá." Nígbà tó yá, èyí nìkan ò tó mọ́, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ sí Ìyálóde lẹ́nu. Ìyálóde lè máa pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọta ìbọn, èmi á ní ó ń sọ pé àwọn rí ojú ẹsẹ̀ Àṣàbí létí odò. Onímú Ìwọ̀ lè máa bú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, èmi á ní ó ń bínú pé obìnrin àgbẹ̀ kan ti gbé Àṣàbí pamọ́ sílé, ó sì ń fún un ní wàrà mu. Ìyá Àgbà á gbàdúrà fún obìnrin àgbẹ̀ náà. Àǹtí Nímọ̀ á ki etí ìborùn bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín báyìí, inú mi máa ń dùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo sì ń fi ẹnu lásán gbé òkú dìde níwájú ìyá arúgbó. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ó lè mọ́ mi lára.

Ìgbà ìsinmi ilé ìwé ni àwọn sójà wá. Òòrùn ti mú díẹ̀. Bàbá mi ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté lọ sí ibi iṣẹ́ ní Èkó, Màámi lọ sọ́jà, Àǹtí Nímọ̀ wà ní Agric. Èmi àti Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lọ́dẹ̀dẹ̀. Mọ́tò aláwọ̀ ewé kan dúró lẹ́nu géètì, àwọn méjì sọ̀ kalẹ̀, àgbàlagbà kan àti ọ̀dọ́ kan, wọ́n wọ aṣọ sójà. Àgbàlagbà yẹn kí wa ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bi mí bóyá àgbàlagbà kan wà nílé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní wọ́n ti jáde, pé èmi ni mo máa ń túmọ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó wò mí títí. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà bàbá mi, òun á kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní, "Kí ló wí?" Mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Wọ́n ní, "Ọmọ ta ni wọ́n bá wá? Ọmọ mi kọ́? Sọ fún un pé èmi ni ìyá ẹ̀. Kó wí i." Èyí náà ni mo túmọ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

Sójà àgbàlagbà yẹn ṣí fìlà rẹ̀. Ọ̀dọ́ yẹn ṣí tirẹ̀. Ó ní, "We lost him." Ó ní kí n sọ fún Màmá pé àwọn kẹ́dùn gan-an.

Mo rí fìlà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka Ìyá Àgbà kan èjìká mi, ó rọ̀ bí ìka ọmọ ọwọ́. "Kí ló wí?" Ọwọ́ wọn kejì ṣì wà nínú igbá ẹ̀gúsí. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu mi, Yorùbá ni méjèèjì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló sì bí wọn. Mo mú èyí tó fúyẹ́. Mo ní, "Wọ́n ní Bọ̀dá Ràímì sọnù."

"Alihamdulilahi," ni Ìyá Àgbà wí.

Wọ́n dìde. Wọ́n fúnra wọn bu omi wá fún àwọn sójà náà. Wọ́n di ẹja yíyan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ẹ̀pẹ́ fún wọn, wọ́n di wọ́n lọ́wọ́ mú, wọ́n ṣàdúrà fún wọn pé Ọlọ́run á là wọ́n lójú kí wọ́n lè tètè rí ẹni tí wọ́n ń wá. Àwọn sójà náà ń sọ pé àmín sí ohun tí wọn ò gbọ́. Àgbàlagbà yẹn wo ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Ìyá Àgbà, omi lé sí i lójú. Ó kọ nọ́ńbà sórí bébà pé kí n fún bàbá mi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Àgbà padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Èmi lọ sílé ìwẹ̀, mo sì tilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni bàbá mi pe nọ́ńbà náà. Mo gbọ́ igbe wọn láti inú yàrá, ohùn tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú wọn. Wọ́n ti sin Bọ̀dá Ràímì sókè Ọya pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n jọ lọ, kò sí òkú tí ẹnikẹ́ni máa gbé wálé. Nígbà tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà tí wọ́n sì sọ ọ́, Ìyá Àgbà ò sunkún. Wọ́n ní, "Àwọn sójà tó wá síbí lónìí ní ó sọnù. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Ìwọ tí o ò sí ńlé lo wá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ?" Bàbá mi pè mí. "Rìsì, kí ni wọ́n wí gan-an?" Mo ní wọ́n ní àwọn lost ẹ̀. Bàbá mi dijú. Wọ́n ní, "Ọmọdé ni, Màámi. Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé e. Tí òyìnbó bá ní lost, ó lè jẹ́ pé nǹkan sọnù, ó sì lè jẹ́ pé..." Ìyá Àgbà gé ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. "Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ló bá mi bí Ràímì ni? Ọmọ yìí ti ń túmọ̀ fún mi látọjọ́ yìí, kò ṣi ẹyọ kan rí." Bàbá mi wò mí, àánú mi ló wà lójú wọn. Gbogbo ilé ti gbà pé àṣìṣe ni. Kí n kàn dákẹ́ ni, mo sì dákẹ́.

Bàbá mi pe àlùfáà. Ìyá Àgbà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà pé taa ló fẹ́ ṣe fìdáù fún, pé ẹni tó bá ka àdúrà òkú sórí alààyè, Ọlọ́run á bi í. Àlùfáà yí padà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bu oúnjẹ Bọ̀dá Ràímì sọ́tọ̀, láàárọ̀ ni wọ́n sì ń dà á fún adìẹ. Àmọ́ Àǹtí Nímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dé bá jù. Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fẹ́ ṣe opó rẹ̀ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó yọ yẹtí, ó ró aṣọ funfun, ó jókòó sínú yàrá rẹ̀. Ìyá Àgbà wọlé tọ̀ ọ́. Wọ́n bọ́ ìborùn lórí rẹ̀. "Ta lò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀? Ọmọ mi wà láàyè, ìwọ ń jókòó opó! Ò ń pe ikú wá bá a níbi tó wà!" Àǹtí Nímọ̀ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n sunkún ọkọ mi." Wọ́n ní ọkọ mìíràn ló ti rí ní Agric. Wọ́n pè é lájẹ̀ẹ́. Obìnrin tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìnkùlé tẹ́lẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tiẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti gba ìborùn rẹ̀ padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Màámi á bẹ̀bẹ̀ títí, bàbá mi á bínú jáde. Kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣọ̀n mọ́.

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, mo bá a gbé báàgì dé géètì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi títí ojú wa fi ṣe déédéé.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn, Rìsì," ó ní. "Lórí ẹní yẹn. O sọ pé ó yé ẹ."

Mo gbé báàgì náà sílẹ̀.

"Mi ò sọ fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, gbogbo wọn á dojú kọ ẹ́, ọmọdé ni ẹ́. Àmọ́ wò mí. Wọn ò jẹ́ kí n sunkún ẹ̀. Sọ fún Ìyá nígbà tó o bá lè sọ ọ́." Ó nu imú mi pẹ̀lú ìdí ìborùn rẹ̀, ó sì lọ.

Mi ò sọ ọ́. Mo ti bí ọmọ báyìí, mo sì máa ń wo ọmọbìnrin mi tó bá ṣe ohun tó mọ̀ pé kò dáa, bó ṣe máa ń wo ilẹ̀, bó ṣe máa ń retí pé kí ilẹ̀ kan ṣú, kí ilẹ̀ kan mọ́, kí ọ̀rọ̀ náà ti lọ fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe retí nìyẹn. Ẹ̀rù Ìyá Àgbà kọ́ ló bà mí jù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé tí mo bá la ẹnu, èmi gan-an ni màá pa Bọ̀dá Ràímì. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá tíì sọ ọ́, ibì kan ṣì wà láyé yìí, lọ́kàn ìyá arúgbó kan, tó ti wà láàyè. Mo fẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi àti Màámi ti jáde, Ìyá Àgbà wẹ̀ fún mi, wọ́n wọ̀ mí ní aṣọ ọdún. Wọ́n ti di báàgì kan. Fọ́tò Bọ̀dá Ràímì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì àti ẹja yíyan. Wọ́n ní, "Àwọn sójà yẹn ò mọ̀ ọ́n wá. Àwa méjèèjì la máa lọ. Ìwọ lo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." A rìn dé gáréèjì. Wọ́n ń bi àwọn awakọ̀ léèrè mọ́tò Òkè Ọya. Ọ̀kan ní, "Màmá, ibo gan-an lẹ̀ ń lọ lókè Ọya?" Wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti ń jà." Awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì rí ojú wọn, ó dẹ́kun. Ìyá Àgbà yí sí mi, wọ́n ń tún kọ́là aṣọ mi ṣe. "Tá a bá débẹ̀, ohun tí mo bá wí ni kó o máa wí. Sọ fún wọn pé èmi ni ìyá ẹ̀. Sọ fún wọn pé mi ò ní pariwo, mi ò ní dí wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ n wá a."

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún mi. "Ìyá Àgbà, kò sọnù."

Ojú wọn mọ́lẹ̀ yòò. "Wọ́n ti rí i?"

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ayé mi, mi ò lè gbàgbé ojú yẹn. "Rárá, Ìyá. Ó kú. Ọjọ́ tí wọ́n wá ni wọ́n sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ. Ó yé mi. Mo mọ̀ pé ó kú, mo wá ní ó sọnù."

Wọn ò nà mí. Wọ́n jókòó sórí báàgì náà láàrin gáréèjì, àwọn èèyàn ń yà fún wa. Wọ́n ní, "Àṣàbí náà ńkọ́?" Mo ní, "Ó ti kú, Ìyá. Ó ti pẹ́." Wọ́n mi orí. Wọ́n ka ohun tí Mùsùlùmí máa ń kà tí òkú bá kú, wọ́n kà á jẹ́jẹ́, wọ́n sì tún un kà. Wọ́n wá fi ọwọ́ ti èjìká mi dìde, wọ́n bi awakọ̀ yẹn pé, "Mọ́tò Ẹ̀pẹ́ dà?"

Nílé bàbá Àǹtí Nímọ̀, nítòsí ọ̀sà, a bá a nínú yàrá nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ti rù. Bàbá rẹ̀ dìde nígbà tó rí wa, ojú rẹ̀ le. Ìyá Àgbà, tí eékún ń yọ lẹ́nu débi pé orí àga ni wọ́n ti ń kírun, di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì rọra kúnlẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan níwájú ìyàwó ọmọ wọn. "Nímọ̀, dárí jì mí. Mo lé ẹ nílé ọkọ ẹ. Mi ò jẹ́ kó o sunkún ẹ̀." Àǹtí Nímọ̀ ti fò dìde, òun náà ti kúnlẹ̀, ó ń fà wọ́n sókè. "Ẹ dìde, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe báyìí." Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti sunkún ọmọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì di ara wọn mú nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, bàbá Àǹtí Nímọ̀ ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe yín látọjọ́ yìí? Wọ́n ní àwọn sójà fúnra wọn ló wá sọ ọ́ fún yín."

Ìyá Àgbà nu ojú wọn. Wọn ò wò mí. "Wọ́n sọ ọ́," wọ́n ní. "Ọmọ yìí sì túmọ̀ ẹ̀ fún mi bó ṣe yẹ. Etí mi ni. Mo ti darúgbó, mo ṣi í gbọ́ ni."

Àǹtí Nímọ̀ gbé ojú sókè wò mí láti ẹ̀yìn èjìká wọn. Ó mọ̀. Ó sì gbé ojú sílẹ̀. Bí ẹbí wa ṣe ń sọ ìtàn náà nìyẹn títí Ìyá Àgbà fi kú, bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ títí dòní nìyẹn, pé etí ti kú mọ́ Ìyá lára lọ́dún tí Ràímì lọ, pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, wọ́n sì fẹ́ tìtorí ẹ̀ ba ilé ọmọ wọn jẹ́. Bàbá mi gan-an máa ń sọ ọ́, èmi á sì jókòó síbẹ̀. Wọn ò ṣi ohunkóhun gbọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀.